Kọ̀ǹpútà fún Ojú Bàbá

Ìsàlẹ̀-Tábà, Ṣakí
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 1985

Mọ́ládé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù Leeds ti ń dẹwọ́? Àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọyẹ́ ni. Ó la ètè gbogbo wa, eruku rẹ̀ sì ṣì wà lára àwo àti àga títí di òní. Dúróríkẹ́ àbúrò rẹ kí ọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kó jókòó, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn láti ìgbà tí Àtọ́kẹ́ ìyá yín ti kú. Ó ní òun ò lè fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ilé. Sàárè ìyá yín mọ́ tónítóní, èmi fúnra mi ni mò ń ro ó. Mi ò fi èyí bá ọ wí pé o kò wá sin ín, a ti sọ ìyẹn tán. Àmọ́ kí o mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ́ kù nílé náà kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. O rántí ìwé tí mo ti ń kọ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà: orúkọ gbogbo igi, koríko, ẹyẹ àti ẹranko inú ọ̀dàn wa yìí, bí àwọn ọdẹ ṣe ń pè wọ́n. Ògúnsúyì, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọdẹ ní Okaka, ṣì ń yà sọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Yóò máa sọ, èmi a máa kọ. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí mo bá kọ lónìí, bó bá di ọ̀la, agbára káká ni mo fi ń kà á. Ojú mi kò mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Dókítà kan ní Ìbàdàn fún mi ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Kò tó ohun tí à ń pariwo.

Nígbà tí mo lọ rí dókítà yẹn ni Oyèlékè, ọmọ tí mo kọ́ níwèé nígbà kan tó ti wá di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mú mi lọ wo ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣàn. Ó tẹ orúkọ mi, orúkọ náà sì yọ lójú tẹlifíṣàn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka mi. Mọ́ládé, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti kà á! Omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún wọn pé eruku ni.

Ìwọ lò ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á. Gbà mí nímọ̀ràn. Irú èwo ni kí ẹni tí kò lò ó rí rà? Kí ni kó bi ẹni tó ń tà á? Àti pé, ṣé ẹ̀rọ yìí mọ àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ? Ti Oyèlékè kò mọ̀ ọ́n. "Odetola" ló kọ, bí ẹni pé òde ni bàbá mi ń dúró sí, tí kì í ṣe ọdẹ.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ.

Èmi bàbá rẹ,
Ọdẹ́tọ́lá


Leeds
Ogúnjọ́, Oṣù Kárùn-ún, 1985

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú sàárè Màámi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé lẹ́tà mi pẹ́. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ìwé kíkà nírọ̀lẹ́, bí mo ṣe ń yí i nìyẹn.

Inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn pé ẹ̀yin lẹ bi mí ní ìbéèrè yìí. Láti kékeré, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo máa ń sọ fún oníbàárà, kí n sì sọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá mi.

Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ni òun fẹ́ fi ṣe. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ẹni tó rà á torí pé ará ilé kejì rà á. Kì í pẹ́ tó fi ń di ohun tí wọ́n ń ká aṣọ lé. Tiyín yé mi: ẹ fẹ́ kọ̀wé, ẹ sì fẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Nítorí náà, ẹ má ra àwọn kékeré tí bọ́tìnnì wọn rí múlọ́múlọ́ bíi rọ́bà ìparẹ́. Èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ le, tó jọ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ lò ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì, ni ìka yín máa mọ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe tó. Èyí tí ọpọlọ rẹ̀ kéré, kí ẹ tó kọ ojú ìwé mélòó kan ó ti kún. Ẹ tún bi í pé inú kí ni ìwé tí a bá tẹ̀ yóò máa wà. Àwọn kan ń lo kásẹ́ẹ̀tì bíi ti orin. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, eruku ọyẹ́ yóò sì bà á jẹ́. Díìsìkì ló dára, ó rí pẹlẹbẹ bíi páálí. Iná yín àti tiwa níbí bára mu, àmọ́ iná Nẹ́pà a máa ga a sì máa rẹlẹ̀, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ tó ń dá iná dúró sójú kan. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé bí iná bá lọ kí ẹ tó fi ohun tí ẹ kọ pamọ́ sínú díìsìkì, ó ti lọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè dá a padà.

Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má rà á báyìí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín rà á ní Èkó. Ọjà kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ọjà iṣu. Ẹni tó bá ní sùúrù ló ń jèrè níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lónìí, kí ọdún tó parí owó rẹ̀ yóò ti wálẹ̀, èyí tó dára jù ú lọ yóò sì ti dé. Èmi ni n ó rà á fún yín. Ní ti àmì abẹ́ lẹ́tà, kò sí ẹ̀rọ tó ní in, ṣùgbọ́n ó ṣeé yà sínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni n ó yà á. Bí mo bá fi èyí tí kò mọ ṣ yàtọ̀ sí s ránṣẹ́ sí yín, gègé pupa ni ẹ máa fi fa ìlà sí i lára, bí ẹ ṣe máa ń ṣe sí àròkọ mi.

Ẹ kí Dúróríkẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a ríra.

Ọmọ yín,
Mọ́ládé


Ṣakí
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹjọ, 1985

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú òtútù, ẹ kú làálàá. Bàbá kò mọ̀ pé mò ń kọ lẹ́tà yìí o.

Mo ka èyí tí wọ́n kọ sí yín kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pa. "Kò tó ohun tí à ń pariwo." Mo ní, "Bàbá, irọ́ lẹ pa yìí." Wọ́n ní, "Dúróríkẹ́, ìdààmú kì í mú ọmọ ka ìwé yege." Bí mo ṣe dákẹ́ nìyẹn. Mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Gilọ́kómà ni orúkọ àrùn náà. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ ẹ́ wá. Báyìí, bí ẹni tó ń yọjú wo ayé láti inú ọ̀pá ìbọn ni Bàbá rí. Ọ̀gangan iwájú nìkan ni wọ́n ń rí, ihò náà sì ń kéré sí i. Oògùn lè mú kó fẹsẹ̀ falẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ kì í padà. Dókítà sọ fún wọn pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, Baba Ògúnsúyì ti Okaka ti jókòó sórí àga lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Bàbá jáde, wọ́n gba iwájú rẹ̀ kọjá, wọn ò kí i. Nígbà tí wọ́n tún kọjá, ó ní, "Tíṣà, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?" Bàbá dúró, wọ́n ń wá ibi tí ohùn ti wá. "Ògúnsúyì, ìwọ nìyẹn? Ìgbà wo lo dé?" Ẹ̀gbọ́n mi, ọdẹ ni ọkùnrin yẹn, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí ẹran tó gbọgbẹ́. Ó wojú Bàbá, ó wojú mi, kò sì béèrè nǹkan mìíràn mọ́.

Sàárè Màámi tí wọ́n ní ó mọ́ tónítóní: mo gbin òdòdó sí orí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti fi ọkọ́ ro gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n rò pé koríko ni. Mi ò sọ fún wọn.

Nítorí náà, ẹ má wò ó mọ́ pé èwo ló dára jù. Èyí tí ẹ bá rí ní ṣọ́ọ̀bù yín lónìí, tó ṣáà lè kọ lẹ́tà ńlá, ẹ fi ránṣẹ́. Kò ní àmì? Kó má ní àmì. Bí ọ̀nà bá sì wà tí ẹ fi lè wá, kí ẹ wá nígbà tí ihò tó kù yẹn ṣì lè gba ojú yín.

Àbúrò yín,
Dúróríkẹ́


Leeds
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kọkànlá, 1985

Dúróríkẹ́ àbúrò mi,

Ilé tí mo ti kó kúrò ni lẹ́tà rẹ lọ. Ìyá onílé gbé e sórí tábìlì rẹ̀, kò rántí rẹ̀ àfi ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Orí ìdúró ni mo ti kà á, mi ò sì lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n má bínú, jẹ́ kí n bi ọ́. Nọ́ọ̀sì ni ọ́. Inú ilé kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń gbé. Báwo ni àrùn ṣe ń jẹ ojú bàbá wa, tí o wà níbẹ̀, tó fi di pé dókítà ń sọ pé wọ́n pẹ́?

Mo fi oògùn ojú sínú àpò yìí. Wọ́n ní òun ló dára jù níbí. Àárọ̀ àti alẹ́ ni kí o máa kán an fún wọn.

Ní ti kọ̀ǹpútà, mi ò jókòó lásán. Ẹ àti ọ ti jáde dáadáa. Ṣ ló ń yọ mí lẹ́nu. Àmì abẹ́ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà, ó wá ń jọ nọ́ńbà. Àmì ohùn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí àyè lókè. Mo ti tún un yà títí ojú tèmi náà fi ń pọ́n. Ẹ̀rọ tuntun kan sì ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún, ọpọlọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, lẹ́tà rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ jù. Fún ojú tó ń ṣú, ìyẹn ló yẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ni a máa ra nǹkan yìí fún Bàbá. Má jẹ́ kí a fi ìkánjú ra ohun tí a máa kábàámọ̀. Oṣù díẹ̀ péré ni.

Ní ti wíwá sílé, ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba níbí. Bí mo bá jáde kí wọ́n tó dá a padà, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́, gbogbo ohun tí mo wá ṣe á sì dòfo. Torí rẹ̀ kọ́ ni mi ò fi lè wá nígbà ti Màámi? O mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mọ́ládé


Ṣakí
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kìn-ín-ní, 1986

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọdún. Oògùn ojú dé. Ẹ ṣeun.

Ẹ bi mí pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ tí mo wà níbẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo wà níbẹ̀.

Baba Ògúnsúyì kú nínú ọyẹ́ yìí. Òwúrọ̀ ni wọ́n bá a lórí ẹní. Mo mú Bàbá lọ sí Okaka, mo fà wọ́n lọ́wọ́ láti ibi tí mọ́tò já wa sí títí dé ilé olóòkú. Nígbà tí a ń bọ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá ibi tí iná ti jó gbogbo ìgbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n wá ní, "A ò tíì kan àwọn ẹyẹ etí odò. Ó ní tó bá di òjò, òun máa mú mi lọ gbọ́ ohùn wọn."

Mo ka lẹ́tà yín sí wọn létí, mo fo ibi tó yẹ kí n fò. Nígbà tí mo dé ibi àmì abẹ́ ṣ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó ṣe é dáadáa. Mo kọ́ ọ, ó gbọ́." Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún.

Dúróríkẹ́


Leeds
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹrin, 1986

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ kú ara fẹ́ra kù Baba Ògúnsúyì. Mi ò gbàgbé ìgbín tó máa ń gbé wá fún wa.

Bàbá, ó ti tán! Ẹ̀rọ náà ti wà lọ́nà. Ọ̀gbẹ́ni Yẹ̀kínì, ará Ìsẹ́yìn tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbí, ń kó ẹrù rẹ̀ bọ̀ wálé nínú ọkọ̀ ojú omi. Tiyín wà nínú páálí méjì láàárín ẹrù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín ní Ṣakí.

Bó bá dé, ẹ má tú u nínú eruku. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí Dúróríkẹ́ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu tábìlì, kó sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹ so wáyà pẹlẹbẹ tó wà nínú páálí mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn níbi tí ẹ ti ń so ti ẹ̀ríà. Kí ẹ tó tan ohunkóhun, kí ẹ̀rọ tó ń dá iná dúró ti wà láàárín rẹ̀ àti ògiri. Mo fi ọ̀dà pupa kán sórí àwọn bọ́tìnnì tó ń gbé ẹ, ọ àti ṣ jáde, ọ̀dà náà ti gan síbẹ̀, kò lè ṣí. Bí ẹ bá kọ ojú ìwé kan tán, ẹ fi pamọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìgbà gbogbo ni kí aṣọ máa wà lórí rẹ̀ tí ẹ kò bá lò ó.

Lẹ́tà rẹ̀ funfun lórí dúdú, ó tóbi ju ti Oyèlékè lọ. Àmì abẹ́ ṣ ti jókòó sáàyè rẹ̀, àmì ohùn nìkan ni kò ṣeé ṣe. Tó bá dé, ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ sọ bó ṣe rí lójú yín. Ohun tí mò ń retí nìyẹn.

Ọmọ yín,
Mọ́ládé


Ṣakí
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹjọ, 1986

Mọ́ládé ọmọ mi,

Àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ èyí. Má wò ó pé kí ló dé. Ọwọ́ mi kò gbà ni, orí kọ̀ǹpútà ló wà.

Yẹ̀kínì gbé e dé láìsí ohun tó fọ́. Ọmọlúàbí ni. A ṣe gbogbo ohun tí o ní ká ṣe. O ní kí n sọ bó ṣe rí lójú mi. Ó dára, ọmọ mi. Lẹ́tà náà funfun bíi lékeléke lórí ilẹ̀ tí iná jó. Mo jókòó sórí àga mi nídìí ògiri, mo sì ń kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Àmì abẹ́ ṣ dúró bó ṣe yẹ kó dúró, kò fara kan ìdí rẹ̀. Mo wò ó títí, mi ò rí ibi tí gègé pupa mi fẹ́ gbà wọlé.

O ṣe é yege. Má tún jẹ́ kí ọkàn rẹ pín mọ́, kọjú sí ìwé rẹ. Olúwa yóò san án fún ọ.

Bàbá rẹ,
Ọdẹ́tọ́lá


Ṣakí
Ọjọ́ kan náà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kọ ohun tí Bàbá pè fún mi bí wọ́n ṣe pè é, mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Èyí ni tèmi, mo fi í sínú àpò kan náà.

Bàbá kò ríran mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni, kí ẹrù Ọ̀gbẹ́ni Yẹ̀kínì tó dé Àpápá rárá. Wọ́n jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n ṣí fèrèsé. Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sí yín.

Ọjọ́ tí a tú páálí, àwọn ará ilé wá wò ó. Àdìjátù, obìnrin tí ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, náà wá. Mo nu tábìlì, mo so wáyà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́. Mo tẹ ibi ìtanná, kò tàn. Nẹ́pà ti mú iná lọ. Kí n tó lanu sọ ọ́, Bàbá ti na ọwọ́, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n gbé orí sókè sí tẹlifíṣàn, wọ́n ní, "Áà! Ẹ wo lẹ́tà! Ẹ ò rí i bó ṣe funfun?" Tẹlifíṣàn dúdú kirikiri. Àdìjátù ki etí gèlè rẹ̀ bọ ẹnu. Èmi ni mo wá dáhùn. Mo ní, "A rí i, Bàbá. Ó funfun lóòótọ́."

Nígbà tí iná dé, mo tàn án, wọn ò mọ̀ pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Ìka wọn ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dà pupa tí ẹ kán sórí bọ́tìnnì ga díẹ̀, òun ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ọ wà. "Emi" ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, igi òrí. Wọ́n ní, "Ó jáde?" Mo ní ó jáde. Wọ́n tẹ "ayin," igi àyín. "Ó jáde?" Báyìí la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n á tẹ̀, èmi á kà á sókè, wọ́n á mi orí bí ẹni pé àwọn ti rí i tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ṣi bọ́tìnnì tẹ̀, èmi á tún un ṣe, mi ò ní wí.

Mi ò kọ èyí kó lè dùn yín. Mo kọ ọ́ kí ẹ má bàa gba ti lékeléke yẹn gbọ́, kí ẹ wá fọkàn balẹ̀ síbẹ̀. Wọn ò ní pè yín. Bí ẹ̀mí wọn bá ku bí i ká sín, wọn ò ní pè yín.

Àbúrò yín,
Dúróríkẹ́


Leeds
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹsàn-án, 1986

Dúróríkẹ́,

Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ka lẹ́tà méjèèjì. Ti Bàbá ni mo kọ́kọ́ kà. Mo pe àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, mo ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣí tìrẹ.

Ohun tí mo sọ sí ọ nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ, jọ̀wọ́, gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó sá ni mí, mo wá ń bi ẹni tó dúró léèrè.

Mo ti lọ bá wọn ní ọ́fíìsì ìjọba, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé mi bó ṣe wà. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣèlérí pé n ó wọlé padà. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ọdún Kérésì tó dé, n ó ti wà ní Ṣakí.

Má sọ fún Bàbá pé mo mọ̀.

Mọ́ládé


Ṣakí
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kejì, 1987

Mọ́ládé ọmọ mi,

A dúpẹ́ pé o gúnlẹ̀ láyọ̀ sí Leeds, a sì dúpẹ́ pé wọ́n jẹ́ kí o wọlé padà. Ẹ̀rù ti ń bà wá. Dúróríkẹ́ ló ń kọ èyí, mo sì ti sọ fún un pé gbogbo ohun tí mo bá wí ni kó kọ.

Ìwé náà ń lọ. A ti kúrò lórí igi, a ti bọ́ sórí koríko. Àwọn ẹyẹ etí odò la máa fò. Ẹni tó mọ̀ wọ́n ti lọ, mi ò sì ní fi àbá kọ orúkọ ohun tí Ọlọ́run dá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ nígbà tí o wà níbí. Ọjọ́ tí o dé, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà, mo dìde, mo ní, "Mọ́ládé, o mà ti sanra!" Ìwọ náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Mo mọ̀ nínú ohùn rẹ pé o kò sanra rárá. A jẹun, a sọ̀rọ̀, mo ń yí ojú sí ibi tí ohùn rẹ bá ti wá, mo rò pé mò ń ṣe é dáadáa. Ìgbà tí àbúrò rẹ wọlé lọ kó àwo ni o fà mọ́ ẹsẹ̀ mi, o mú ọwọ́ mi, o gbé e lé ojú ara rẹ. Ibẹ̀ ni irọ́ mi parí sí.

Ẹni tí mo fọwọ́ kàn lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ ọ́n. Kí o má bínú sí mi. Ojú tí mo mọ̀ ni ti ọmọkùnrin tó gun ọkọ̀ Ìbàdàn ní gáréèjì Ṣakí, tó ń juwọ́ sí èmi àti ìyá rẹ̀. Ojú yẹn dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, kò tíì hu irùngbọ̀n. Ti ọkùnrin yìí, irùngbọ̀n rẹ̀ le, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, awọ iwájú orí rẹ̀ ti hun jọ, omi sì wà lójú rẹ̀. Láti ìgbà tí o ti padà, mo máa ń jókòó lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀, kí n máa gbìyànjú láti da àwọn méjèèjì pọ̀ di ẹnì kan. Kò tíì ṣeé ṣe. Bí mo bá rántí ohùn rẹ, ọmọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn ló ń lanu. Ọkùnrin onírùngbọ̀n á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí àlejò tí wọn ò tíì fún ní ìjókòó.

Dúróríkẹ́ ní ọwọ́ kò rí bí ojú. Ó ní ojú a máa mọ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọwọ́, àfi kó fi kàn án, kó tún fi kàn án.

Bí ọ̀nà bá tún là, kí o wá. Kí o kàn jókòó tì mí, kí o má sọ̀rọ̀, kí ọwọ́ mi lè kọ́ ọ.

Bàbá rẹ